Títàn Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Ìtàn Àṣìdámọ̀ Òkúta Fọ́síféètì Tó Ní Yuréníọ̀mù

Ìfáárà
Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn pé òkúta tó bá ń tàn ni ó ní yuréníọ̀mù nínú, pé èyí tí kò tàn kò léwu. Iṣẹ́ yìí fi ìtàn yẹ èrò náà wò.

Òkúta Méjì
M. H. Klaproth, onímọ̀ kẹ́místrì ará Jámánì, ni ó ṣàwárí yuréníọ̀mù ní ọdún 1789. Fọ́síféètì tó ní yuréníọ̀mù ni autunite àti torbernite. Kàlísíọ̀mù wà nínú autunite. Bàbà wà nínú torbernite. Bí a bá tan iná ultraviolet sí wọn, autunite yóò tàn yòò. Torbernite kì í tàn, nítorí pé bàbà inú rẹ̀ ń pa ìmọ́lẹ̀ náà.

Ní ọdún 1896, Henri Becquerel kọ́kọ́ rò pé oòrùn tó ń mú iyọ̀ yuréníọ̀mù tàn ni ó ń fa ìtànṣán tó ń fi àmì sára awo fọ́tò. Oòrùn kò ràn dáadáa, síbẹ̀ àmì hàn lára awo. Lẹ́yìn náà ni ó rí i pé yuréníọ̀mù tí kì í tàn ń ṣe bákan náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1898, Marie Curie kéde pé torbernite, tí wọ́n ń pè ní chalcolite nígbà náà, ń tú ìtànṣán ju yuréníọ̀mù fúnra rẹ̀ lọ. Ó ṣe irú rẹ̀ ní yàrá ìwádìí, ṣùgbọ́n èyí kò lágbára tó ti inú ilẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ohun mìíràn fara sin sínú òkúta. Kí ọdún náà tó parí, òun àti Pierre ọkọ rẹ̀ ti kéde polonium àti radium, tí wọ́n rí nínú pitchblende. Òkúta tí kì í tàn wà lára ohun tó tọ́ka ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́
Nọ́ńbà ara owó náírà a máa tàn ní àwọ̀ ewé lábẹ́ iná ultraviolet. Kò sí oníṣòwò ní ọjà Máìlì 12 tí yóò torí èyí sọ pé yuréníọ̀mù wà nínú owó. Calcite pàápàá lè tàn láìní yuréníọ̀mù. Ní ìdà kejì, fọ́síféètì Hahotoé ní ilẹ̀ Tógò ní yuréníọ̀mù díẹ̀, ṣùgbọ́n títàn kò lè sọ iye rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ sọ fún pé òkúta tí kò tàn kò léwu lè fi torbernite sápò. Ẹ̀rọ Geiger ni a fi ń mọ ìtànṣán. Àyẹ̀wò kẹ́místrì ni a fi ń mọ ohun tó wà nínú òkúta. Ojú nìkan kò tó.