Alùpùpù Kékeré àti Òfin Ojú Pópó ní Àgídìngbì

Àgídìngbì, ní Ìkẹjà, jẹ́ àdúgbò ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti ọdún 1986, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní Nàìjíríà ra alùpùpù onísílíńdà kan, wọ́n sì ń fi í kérò. Ọ̀kadà ni wọ́n sọ ọ́, láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 ka 475 ọ̀nà léèwọ̀ fún alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 200cc. Ní 1 Oṣù Kẹfà 2022, wọ́n fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà sì wà lára wọn. Èyí fi hàn pé níní alùpùpù yàtọ̀ sí níní ẹ̀tọ́ láti fi í jẹun.