Òru Tí MGY Ń Pè

Aago 9:00 òwúrọ̀, ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kẹrin, ọdún 1912. Ọ̀rọ̀ kan wọlé sí yàrá rédíò ọkọ̀ òkun kan tó ń la Àtìláńtíìkì lọ sí New York. Ọkọ̀ mìíràn, Caronia, ló fi í ránṣẹ́. Ó ní òkè yìnyín wà lójú ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n gbé e lọ fún ọ̀gá ọkọ̀.

Lójú òfuurufú, MGY ni wọ́n ń pe ọkọ̀ yìí. Ìró gígùn méjì ni M. Gígùn méjì àti kúkúrú kan ni G. Gígùn, kúkúrú, gígùn méjì ni Y. Ẹni tí àmì Morse bá ti wọ̀ lára kì í kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́. Odindi rẹ̀ ló máa ń gbọ́, bí ẹni gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láàárín ariwo ọjà.

Ọ̀dọ́kùnrin méjì ló wà nídìí ẹ̀rọ. Jack Phillips pé ọmọ ọdún 25 ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Harold Bride jẹ́ ọmọ ọdún 22. Ẹ̀rọ náà dẹnu kọlẹ̀ lóru ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n tú u, wọ́n tún un ṣe, ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ti ṣù jọ dè wọ́n. Ọ̀rọ̀ àwọn èrò ọkọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀: ìkíni, òwò, ta ni yóò wá pàdé ta ni ní èbúté. Wọ́n ti sanwó rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lọ.

Aago 1:42 ọ̀sán. Ọkọ̀ Baltic náà sọ̀rọ̀ yìnyín. Ọ̀gá ọkọ̀ fa bébà rẹ̀ lé ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ni MGY lọ́wọ́. Ìyẹn tì í bọ àpò.

Aago 7:30 ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ kan tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ MWL ń sọ fún ọkọ̀ mìíràn pé òun rí òkè yìnyín ńlá mẹ́ta. Bride gbọ́ ọ bó ṣe ń kọjá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé e lọ fún àwọn atukọ̀.

Aago 9:40 alẹ́. Bride ti lọ sùn. Phillips nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ. Cape Race, ibùdó rédíò etíkun Newfoundland, ti wá bọ́ sí àrọ́wọ́tó, Phillips sì fẹ́ fi òru yìí kó gbogbo ọ̀rọ̀ èrò ọkọ̀ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ wọn. Ọkọ̀ Mesaba já lu iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní yìnyín dí òkun pa, ó sì ka ìlà maapu ibi tó wà. Ojú ọ̀nà MGY gan-an ni. Phillips dá a lóhùn pé òun ti gbọ́. Bébà yìí kò dé ọwọ́ atukọ̀ kankan.

Nǹkan bí aago 11:00 alẹ́. MWL ti dúró. Yìnyín yí i ká, ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ gba inú òkùnkùn kọjá. Òṣìṣẹ́ rédíò rẹ̀ ni Cyril Evans, ọmọ ogún ọdún. Òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà, àárọ̀ ló sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó pe MGY: "Ẹgbẹ́ mi, a ti dúró, yìnyín yí wa ká."

Ọkọ̀ méjèèjì sún mọ́ra. Cape Race jìnnà, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín nínú hẹ́dífóònù tó so mọ́ etí Phillips. Ohùn Evans ya wọ inú rẹ̀ bí ó ti le tó. Phillips tẹ̀ ẹ́ padà: "Pa ẹnu mọ́! Ọwọ́ mi dí. Cape Race ni mò ń bá ṣiṣẹ́." Láàárín àwọn ọmọ rédíò ìgbà náà, èyí kì í ṣe èébú ńlá. Evans kò bínú. Ó ń gbọ́ bí Phillips ṣe ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Aago 11:35. Evans bọ́ hẹ́dífóònù. Ó paná ẹ̀rọ. Ó lọ sí orí bẹ́ẹ̀dì.

Aago 11:40. MGY fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ha nǹkan. Bride kò tilẹ̀ jí.

Aago 12:15 òru. Ọ̀gá ọkọ̀ yọjú sí yàrá rédíò. Ó ní kí wọ́n pe ìrànlọ́wọ́. Phillips bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ CQD: gbogbo ibùdó, ewu. Ó tẹ̀lé e pẹ̀lú MGY. Ó tẹ̀lé e pẹ̀lú ibi tí wọ́n wà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Bí a bá fi aago Nàìjíríà òde òní kà á, aago mẹ́rin ìdájí ti kọjá díẹ̀. Àkùkọ ti ń kọ ní Òwu-Ìsin, ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Rélùwéè gba Ọ̀fà kọjá lápá ibẹ̀, àwọn tó ń tẹ wáyà rélùwéè sì mọ àmì kan náà. Ṣùgbọ́n orí òpó ni ọ̀rọ̀ tiwọn ń gbà. Èyí tí Phillips ń tẹ̀ kò ní òpó.

Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ẹnìkan wọ yàrá Evans lórí MWL. Charles Groves ni, igbákejì ọ̀gá kẹta nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ parí láàárín òru. Ṣáájú, ó ti rí iná ọkọ̀ kan lókèèrè, ó fi iná Morse pè é, kò rí èsì. Groves ń kọ́ àmì Morse. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó kàn wù ú ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ráyè, ọ̀dọ̀ Evans ló máa ń wá gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lókè. Ó béèrè ọkọ̀ tó wà nítòsí. Evans, tí oorun ti ń gbé lọ, dá a lóhùn pé MGY nìkan ni. Groves gbé hẹ́dífóònù, ó fi sétí.

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó dúró díẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀. Ó lọ sùn.

Aago 12:25. Lórí ọkọ̀ MPA, Harold Cottam ti bọ́ kóòtù. Ó yẹ kó ti sùn, ṣùgbọ́n ó ń retí èsì ọ̀rọ̀ kan, hẹ́dífóònù ṣì wà lórí rẹ̀. Ó pe MGY láti sọ fún un pé ẹrù ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ fún un ní Cape Cod. Èsì tó gbà ni pé kí ó máa bọ̀ kíá. Cottam sáré lọ jí ọ̀gá rẹ̀. Máìlì 58 ló wà láàárín wọn.

Bride rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí Phillips tẹ SOS: àmì tuntun ni, bóyá kò sì ní ráyè tẹ̀ ẹ́ mọ́ láyé. Phillips tẹ̀ ẹ́. Kúkúrú mẹ́ta, gígùn mẹ́ta, kúkúrú mẹ́ta.

Nǹkan bí aago 12:45. Rọ́kẹ́ẹ̀tì funfun fò sókè láti orí MGY. Òmíràn tẹ̀lé e. Atukọ̀ kan ń fi iná Morse pe ọkọ̀ tó ń rí lókèèrè. Lórí MWL, àwọn méjì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ funfun náà. Àwọn náà gbé iná Morse wọn, wọ́n ń tàn án, wọ́n ń pa á. Wọ́n sọ fún ọ̀gá wọn. Kò sẹ́ni tó lọ jí Evans.

Lóru kan náà, ó lé ní 3,000 kìlómítà sí ibẹ̀, ọkùnrin kan jókòó sínú ilé ọlọ ní Gelligroes, ní ilẹ̀ Wales. Artie Moore ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ọlọ ti gé apá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ rédíò, ó ta wáyà síta, ó kọ́ Morse. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fún un. Kò sí ọ̀gá tó ní kó má sùn. Ó ń gbọ́, ó ń kọ: òkè yìnyín, ìrànlọ́wọ́, rírì.

Aago 1:45. Phillips sọ fún Cottam pé omi ti ń kún yàrá ẹ́ńjìnnì.

Nǹkan bí aago 2:00. Ọ̀gá ọkọ̀ wá sọ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ wọn, kí oníkálukú wá ọ̀nà ara rẹ̀. Phillips kò dìde. Iná mànàmáná ti ń kú lọ, ìró rẹ̀ sì ń rọ.

Aago 2:17. Ọkọ̀ Virginian gbọ́ ìró kan, ó fẹ́lẹ́. Ó já.

Nǹkan bí aago 4:00. MPA dé ibẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ló bá lórí omi.

Nǹkan bí aago 5:30. Wọ́n jí Evans. Ó so hẹ́dífóònù mọ́ etí, ó tan ẹ̀rọ, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Òfuurufú ń hó.

Ní Gelligroes, Moore sọ ohun tó gbọ́ fáwọn ará ibẹ̀, ó sọ ọ́ fún ọlọ́pàá. Wọn kò gbà á gbọ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ìròyìn tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu gẹ́lẹ́ dé: Titanic ti rì, èèyàn tó lé ní 1,500 sì bá a lọ. Phillips wà lára wọn. Bride yè. MPA tó kó àwọn tó kù ni Carpathia. MWL ni Californian.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, òfin rédíò tuntun ní Amẹ́ríkà ti àwọn tó ń fi rédíò ṣe ìgbafẹ́ sí orí ìgbì 200 mítà sísàlẹ̀, ibi tí wọ́n rò pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1914, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè kan ní kí ọkọ̀ ńlá máa ní ẹni tó ń fetí sí rédíò tọ̀sán tòru. Ilé iṣẹ́ rédíò Marconi gba Moore síṣẹ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1912, wọ́n pe Groves síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ní London. Nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ hẹ́dífóònù yẹn yanjú. Ẹ̀rọ tó ń gba ìró lórí Californian ní wáyà irin tó ń yí lórí kẹ̀kẹ́ kékeré méjì, sípíríǹgì bíi ti aago ló sì ń yí i. Bí sípíríǹgì bá ti tú tán, ìró kò ní wọlé, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ kún tó. Ó ti tú tán lóru ọjọ́ náà. Groves kò wáìn ín.