Òwò Tí A Kò Kọ Sínú Ìwé

Ní ọdún 1971, Ọ̀gbẹ́ni Keith Hart, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti gbé láàárín àwọn ẹ̀yà Frafra ní àdúgbò Nima ní ìlú Accra, sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ènìyàn tí ìjọba ń kà sí aláìníṣẹ́ níbẹ̀ kò ṣe aláìníṣẹ́ rárá. Wọ́n ń tajà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń yá ara wọn lówó. Kìkì pé iṣẹ́ wọn kò sí nínú ìwé ìjọba ni. Ní 1972, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí sínú ìròyìn tí wọ́n kọ nípa ilẹ̀ Kenya, láti ìgbà náà wá ni ó sì ti di ẹ̀kọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn dà bí ẹni pé kò ní ìlànà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìtàn ilẹ̀ wa yóò kọminú sí orúkọ náà. Ohun tí kò sí nínú ìwé lè ní òfin, òfin náà sì lè le ju ti inú ìwé lọ. Èyí ni mo fẹ́ fi hàn, kí n sì fi ibi tí agbára òfin náà pin sí hàn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀súsú. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí báńkì ní Èkó. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí ó sì kú ní 1901 kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní 1921, kò gbàgbé láti fi ẹ̀súsú sínú rẹ̀. Ó ní àṣà tí ó kárí ilẹ̀ wa ni, pé ó ní olórí, pé ó ní ọjọ́ àti ibi tí a yàn fún un, àti pé òfin wà tí ń ṣe àkóso rẹ̀.

Bí ó ti rí nìyí. Bí ogún ènìyàn bá pinnu láti máa dá igba owó ẹyọ ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹgbàajì ni yóò máa wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn a kó o, bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kárí. Kò sí èlé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o di ajigbèsè gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tí yóò kó o kẹ́yìn ni ó ń yá gbogbo wọn lówó láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Obìnrin tí kò lè rí ẹgbàajì kó jọ fúnra rẹ̀ láéláé, nítorí pé ọmọ ń ké, ọkọ ń bèèrè, àna ń ṣe òkú, a rí i gbà ní odindi, a sì fi ra ìkòkò aró tàbí ẹrù èlùbọ́. Àárọ̀ àwọn àgbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ro oko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀súsú ni òun náà. Agbára apá ni wọ́n ń dá dípò owó.

Kí ni ó ń mú kí ẹni tí ó ti kó tirẹ̀ máa bá a dá owó lọ? Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sì sí ìwé àdéhùn. Ẹni tí ó mú un wọ ẹgbẹ́ ni ó dúró fún un. Bí ó bá sá, a óò wá onídùúró rẹ̀. Bí onídùúró kò bá ní, a óò tọ baálé agbo ilé rẹ̀ lọ, orúkọ ilé náà yóò sì bàjẹ́ lójú ọjà. Ta ni ó lè sá fún ilé bàbá rẹ̀?

Ní ti gbèsè, ọ̀ràn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Johnson sọ̀rọ̀ nípa ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó sí ilé ajigbèsè. Ológò a gba ibi tí ó wù ú nínú ilé, a máa pariwo, a máa jẹ oúnjẹ onílé, a sì máa mú adìyẹ tí ó bá kọjá níwájú rẹ̀, títí àwọn ará ilé yóò fi wá owó náà nítorí àlàáfíà ara wọn. Nígbà tí ogun Kírìjì ti parí, tí ọ̀nà sì là, àwọn Ìjẹ̀ṣà mú irú àṣà yìí wọ inú òwò aṣọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n ń gbé aṣọ kiri láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń tà á ní àwìn, wọ́n sì ń padà wá gba owó. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, oníṣòwò a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, a ní òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ òṣómàáló ti wá. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n òṣó yìí ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Iléṣà. Ìtìjú ajigbèsè níwájú àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ oníṣòwò náà.

Òfin ojú àti orúkọ yìí kan náà ni àwọn ará wa gbé lọ sí ilẹ̀ Gold Coast, tí ó di Gáná ní 1957, ibẹ̀ ni a sì ti dán an wò jùlọ. Àwọn ènìyàn Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì ni ó pọ̀ nínú wọn. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n ru aṣọ òfì gba ilẹ̀ Ìbàrìbá kọjá. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù dé. Wọ́n pa àtẹ wọ́rọ́bọ ní Tamale, ní Kumasi, àti ní àwọn abúlé oníkòkó. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1960, Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Àwọn onílé ń pe gbogbo wọn ní ará Èkó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ojú kan Èkó rí.

Báwo ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní kọ́bọ̀ ṣe ń di oníṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ àjèjì? Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó ránṣẹ́ pè é láti ilé. Kò gba owó oṣù. Ó ń kiri ọjà, ó ń ṣọ́ ìsọ̀, ó ń kọ́ èdè onílé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹni tí ó sìn a fún un ní owó tàbí ọjà láti fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi ránṣẹ́ sílé fún àbúrò. Wọ́n ń dá ẹ̀súsú láàárín ara wọn, wọ́n sì ń tajà ní àwìn fún onílé títí di ìgbà ìkórè. Ọwọ́ àwọn ènìyàn ni ọrọ̀ wọn wà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba K. A. Busia kéde pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí ó jáde. Gbèsè ti wọ ìjọba náà lọ́rùn, àwọn ọ̀dọ́ kò rí iṣẹ́ ṣe, àjèjì tí ó ní ìsọ̀ lójú ọjà sì rọrùn láti dá lẹ́bi. Ẹni tí ó ti tajà ní Tamale fún ọgbọ̀n ọdún, tí ó bímọ síbẹ̀, tí gbogbo ọjà mọ orúkọ rẹ̀, ni a béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀. Àwọn tí ó jẹ wọ́n lówó mọ̀ pé bí ọjọ́ 14 bá ti pé, kò sí ẹni tí yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Kí òǹkàwé sì rò nípa ẹ̀súsú tí ó wà ní agbedeméjì: ẹni tí ó ti kó tirẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Ọ̀fà, ẹni tí kò tíì kó o wà nínú èyí tí ń lọ sí Ṣakí. Nàìjíríà tí wọ́n ń padà sí sì wà nínú ogun abẹ́lé tí kò parí títí di oṣù kìn-ín-ní 1970.

Àwọn kan ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé òwò aláìníwèé kò ní láárí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Láàárín 1952 sí 1954, ọ̀pọ̀ nínú àwọn báńkì tí àwọn ènìyàn wa dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà wó lulẹ̀, ìwé wọn sì wà níbẹ̀ pérépéré. Òfin ojú àti orúkọ gbé àwọn aláìní dé ibi tí báńkì kankan kò ní gbé wọn dé. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè ohun kan: kí àwọn ènìyàn máa bá a lọ láti wà níbi tí a ti lè rí wọn. Ohun tí ìwé lè ṣe tí onídùúró kò lè ṣe ni pé ó lè wà síbẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ti tú ká. Ó dùn mí láti fi kún un pé ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Nàìjíríà fún àwọn ará Gáná àti àwọn àjèjì mìíràn tí kò ní ìwé ní ọjọ́ 14 kan náà.

Ọ̀nà náà kò parẹ́. Àwọn ará Èjìgbò ti kọjá Gáná lọ sí Ivory Coast láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì wà ní ọjà Abidjan títí di òní. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí ọ̀hún, àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ sì ń padà wá kí ilé bàbá wọn pẹ̀lú èdè Faransé lẹ́nu.