Ẹni Tí Yóò Kọ́ni: Ìdánwò Yunifásítì Cape Town

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé: kí ni àsọyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lè ṣe níbi tí òfin ti ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara?

Ní 1959, ìjọba Gúúsù Áfíríkà ṣòfin pé ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì àwọn aláwọ̀ funfun láìgba àṣẹ mínísítà. Lọ́dún náà gan-an ni Yunifásítì Cape Town bẹ̀rẹ̀ àsọyé ọdọọdún ní ìrántí T. B. Davie, gíwá rẹ̀ àtijọ́, ẹni tí ó ti là á kalẹ̀ pé yunifásítì fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó yan ẹni tí yóò kọ́ni àti ẹni tí a ó kọ́.

Ìdánwò dé ní 1968. Yunifásítì náà yan Archie Mafeje, ọmọ adúláwọ̀, ní olùkọ́ àgbà. Ìjọba halẹ̀, ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì sì fagi lé ìyànsípò náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 600, tí aláwọ̀ funfun pọ̀ jù nínú wọn, jókòó sínú ilé ìṣàkóso fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, a kò dá Mafeje padà. Ó kú ní 2007. Ní 2008 ni yunifásítì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀.

Lójú tèmi, àsọyé wọ̀nyẹn kò já sí asán: wọ́n di òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn àwọn tí ń pe àpéjọ. Ṣùgbọ́n ẹyin ni ohùn. Àforíjì lẹ́yìn ogójì ọdún kò lè kó èyí tí ó ti fọ́ jọ.