Ọwọ́ Àwọn Tí Ó Kọ́ Taj Mahal

Ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo wo ibojì àti ààfin àwọn ọba Mughal ní Agra, ní ilẹ̀ Íńdíà. Bí wọ́n bá dé Taj Mahal, afinimọ̀nà a máa sọ pé Ọba Shah Jahan gé ọwọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ, kí wọn má baà kọ́ irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìtàn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1632, ọdún kan lẹ́yìn tí ayaba Mumtaz Mahal kú lórí ìkúnlẹ̀, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn akọ̀wé ààfin kọ nípa rẹ̀ fínnífínní, wọn kò mẹ́nu ba ọwọ́ gígé. Lóòótọ́, akọ̀wé ọba kì í tú àṣírí ọba. Ṣùgbọ́n Delhi ń jẹ́rìí: ní 1648 ni ààfin pupa tí ọba yìí kọ́ síbẹ̀ parí, ní 1650 ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́sálásí ńlá. Ustad Ahmad Lahori, tí a kà sí ọ̀gá àwọn tí ó kọ́ Taj, wà nídìí iṣẹ́ ààfin náà. Ọba tí ó ń wá oníṣẹ́ tó báyìí kò jẹ́ gé ọwọ́ wọn.

Ìkà ọba nìkan ni ìtàn náà ń jẹ́ kí á rántí. Àmì tí àwọn agbẹ́-òkúta fín sára òkúta Taj ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó yóò rí i.