Odi Igbó Ọ̀ṣun
 

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, èèwọ̀ igbó Ọ̀ṣun ti ń di yẹpẹrẹ. Wọ́n ń gé igi ibẹ̀, wọ́n ń dẹ ọdẹ, wọ́n ń pa ẹja odò. Ojúbọ sì ń wó. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dìde sí i, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Àwọn olórìṣà wà níbẹ̀. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà, àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wà níbẹ̀. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ odi. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣáájú òfin: ọdún 1965 ni ìjọba tó sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé.

Lónìí, igi dúró, ṣùgbọ́n omi ti yí padà. Ìwakùsà wúrà lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti mú kí Ọ̀ṣun pọ́n bí omi amọ̀. Odi kò lè sẹ́ omi. Nítorí náà, àwa tí a ń bu omi yìí fún ìwòsàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ odò náà kọjá ibodè igbó, bí àwọn tó ṣáájú wa ti ṣọ́ igi.