Wáyà Ò Lẹ́bi: Ìtàn Tí Súìṣì Rìfáàsì Kan Sọ fún Wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọkọ̀ tó gbé wa lọ ṣe ìwádìí ní Ìjẹ̀bú-Òde ń fẹ̀yìn rìn ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ìyá kan pariwo pé, "Ẹ dúró o, ọmọ wà lẹ́yìn!" Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá náà. Awakọ̀ ti ki gíà sí rìfáàsì, ṣùgbọ́n iná funfun ẹ̀yìn kò tàn, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, a gba ọ̀dọ̀ bàbá onírìwáyà kan lọ.

Bàbá kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan súìṣì. Wọ́n yẹ gílóòbù àti fíúùsì wò. Kò sí èyí tó jó. Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n yọ wáyà méjì kúrò lórí súìṣì tó wà lára gíábọ́ọ̀sì, wọ́n sì so wọ́n pọ̀. Wọ́n ní kí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹ́ńjìnnì. Iná tàn! "Ṣé ẹ rí i? Wáyà ò lẹ́bi. Súìṣì ló kú." Wọ́n tú u, wọ́n sì fi òmíràn pẹ̀lú wáṣà tuntun rọ́pò rẹ̀ kíá, kí ọ́ìlì gíà má baà dà tán.

Ìjẹ̀bú mọ iyì ọ̀nà. Nítorí ọ̀nà ìṣòwò ni ogun Ìmàgbọn ṣe jà ní 1892. Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀nà kì í ṣe ti ìbọn nìkan. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò ní apá òsì tí Gẹ̀ẹ́sì fi lé wa lọ́wọ́, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Awakọ̀ àgbà di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ní 1975, Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílé. Ara ọkọ̀ wọ̀nyí ni Bàbá ti kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára òṣìṣẹ́. Ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun gbòde, a sì sọ wọ́n ní tòkunbọ̀. Ẹ wò ó: orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun ni a fún irin!

Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ ìsinsìnyí jẹ́ ọ̀tọ́máátíìkì. Lára ọ̀pọ̀ wọn, súìṣì kan náà ló ń tan iná rìfáàsì, òun ló sì ń dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ kó má ta àfi tí gíà bá wà ní P tàbí N. Wáyà ibẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá so èyí tí kò yẹ pọ̀ lè ba nǹkan jẹ́. Bàbá ní àwọn náà ti tún di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò.

Ọmọṣẹ́ méjì péré ló kù lọ́dọ̀ wọn. A ti gba ohùn Bàbá sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ àti ẹ̀gbọ́n wa, ẹ gba ti mẹkáníìkì àdúgbò yín náà sílẹ̀. Kí ẹ tó gbéra lónìí, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ki gíà sí rìfáàsì, kí ẹnìkan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá yín wo ẹ̀yìn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìyá kan máa wà nítòsí tí yóò pariwo.